Ewé Gbígbẹ Tó Pòórá

Pẹpẹ náà ṣófo. Gbogbo àpò ewé gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀ lánàá ti pòórá. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, mí kanlẹ̀. Orúnkún ń dùn ún. Òjò ò dáwọ́ dúró. Ògiri pàápàá ń làágùn.

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń tọ́jú yàrá yìí," Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá ìwádìí náà wí. "Bí ewé ò bá jáde, kó máa lọ sílé. Òní gan-an la fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé bí wọ́n ṣe ń ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fáyé rí: kí kálukú gbé ohun tó wọ̀n síta, kí ẹlòmíì tún un wọ̀n."

"Màmá, kí ni mo fẹ́ fewé ṣe?" Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bi í. "Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni? Akẹ́kọ̀ọ́ méjì yìí náà ní kọ́kọ́rọ́."

Màmá fọwọ́ kan àpótí iná tí wọ́n fi ń yan ewé gbẹ. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní, tí wọ́n ń pè ní Kò-gbà-bẹ́ẹ̀ nítorí àríyànjiyàn, ò dúró kí wọ́n bi í. "Èmi ni wọ́n ní kí n tún un wọ̀n. Mi ò gbà pé ewé yẹn wúwo tó bí Ẹlẹ́wé ṣe kọ ọ́. Ṣé n ó wá jí ẹ̀rí ara mi ni?"

Ẹlẹ́wé, akẹ́kọ̀ọ́ kejì tó ni iṣẹ́ náà, jókòó lórí kúlà rẹ̀. Àga ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bá a bá rí wọn ńkọ́?"

"Kí wọ́n má wulẹ̀ wọ̀n wọ́n mọ́, Màmá. Wọ́n á ti fúyẹ́."

Màmá wo òjò lójú fèrèsé.

"Nínú òjò yìí? Ewé gbígbẹ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ ni. Ńṣe ló yẹ kó wúwo sí i. Èyí tó padà sínú iná nìkan ló lè fúyẹ́, àpótí iná ò sì tíì tutù. Dìde lórí kúlà yẹn."

Àwọn àpò ewé kún inú rẹ̀, wọ́n gbẹ táútáú.

"Kúlà tó dé pinpin, kí ọ̀rinrin má wọlé. O kúkú mọṣẹ́."

Ẹlẹ́wé bú sẹ́kún. "Ìkánjú ni. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbẹ tán kí n tó wọ̀n wọ́n; mo wọ̀n omi mọ́ ewé. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n máa tún un wọ̀n, mo wọlé, mo yan wọ́n, mo wọ̀n wọ́n. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wó lójú mi. Ni mo bá kó wọn pamọ́."

"Èyí tó o kọ́kọ́ wọ̀n, àṣìṣe ni. Lónìí, o jókòó, o ń wo bí wọ́n ṣe fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́ Màmá. "Màmá, ẹ jẹ́ ká pa á mọ́ra. Orúkọ tèmi náà wà lórí ìwé tá a ti gbé jáde nípa ewé yìí."

Màmá rọra jókòó sórí àga, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé òṣùwọ̀n wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yín."