Pèrègún Lórí Ilẹ̀ Bàbá Ṣẹ̀rífátù

Ọkùnrin gíga kan ló dojú bolẹ̀ gbalaja lórí òkè lẹ́yìn Ẹ̀jìnrìn, tó ń fi ìka ya kòríko sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ̀rífátù tó ń ti odò bọ̀ sọ garawa kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?”

“Kò sí o. Kòríko ni mò ń kà.”

“Iṣẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, Ṣẹ̀rífátù náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Tìrìmísíyù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú. Ní ọdún 1954 yẹn, ìjọba rán an wá láti sọ òkè náà di igbó padà, nítorí wọ́n ti gé gbogbo igi rẹ̀, òjò sì ń wọ́ iyanrìn lọ sínú odò tí gbogbo ìlú ń mu. Ojoojúmọ́ ló ń dá Ṣẹ̀rífátù dúró lọ́nà odò. Ó bi í ní orúkọ ewé, ó bi í ní oríkì rẹ̀, Àṣàkẹ́, ó tún bi í níbi tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ parí sí. Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Kí ni ọkùnrin yìí ń fẹ́ gan-an? Ṣẹ̀rífátù kò mọ̀, ó sì ń dùn ún.

Nígbà tó yá, Tìrìmísíyù gbin pèrègún yí òkè náà ká, títí wọ ilẹ̀ bàbá Ṣẹ̀rífátù, torí pèrègún máa ń tètè ta gbòǹgbò. Iṣẹ́ ti gbà á lọ́kàn débi pé ó gbàgbé ohun tí ọmọdé mọ̀: pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀.

Bàbá Láwàl, bàbá Ṣẹ̀rífátù, rí i. “Ó ti fi ọmọ mi ṣe àkàbà, ilẹ̀ mi ló ń gùn.”

Ṣẹ̀rífátù rántí pé ó ti bi òun níbi tí ilẹ̀ náà parí sí.

Bàbá ránṣẹ́ pe Tìrìmísíyù, òun náà wá, ó jókòó sórí ẹní.

“Bàbá, ẹ má bínú, mi ò rò ó débẹ̀. Mo lè fi Àlùkùránì búra pé ilẹ̀ yín ni. Ọmọ yín ni mo fẹ́.”

“Bó bá jẹ́ òun lo fẹ́, lọ fa àwọn pèrègún yẹn tu lónìí.”

Tìrìmísíyù mi orí.

“Bàbá, mi ò lè tu wọ́n. Odò á kún fún iyanrìn. Omi tí Ṣẹ̀rífátù ń mu nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ṣẹ̀rífátù lọ́kàn níbi tó dúró sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé ó fẹ́ ewéko jù mí lọ ni, àbí èmi ló ń rò? Kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́.

Bàbá Láwàl wo Tìrìmísíyù títí.

“Ẹni tí kò lè purọ́ torí kó lè fẹ́ ọmọ mi, kò ní purọ́ fún un nílé. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ṣẹ̀rífátù, o gbọ́? Ká pe àlùfáà wá so yìgì?”

Ṣẹ̀rífátù jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í, ìgbà wo ló sọ fún èmi fúnra mi pé òun fẹ́ mi?”

Tìrìmísíyù bojú wolẹ̀. “Àṣàkẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Mo fẹ́ ẹ.”

“Ẹ tún un sọ,” Ṣẹ̀rífátù wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní.