Ẹ̀wù Agbẹ̀mílà Kì í Ṣe Aṣọ Fọ́tò

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ńlá, ọrùn ní í kọ́kọ́ ro ó, nítorí òkè ló ń wò ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ náà. Òun, Bàbá Ìbejì ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ti gun ilé gogoro, wọ́n ti wo ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí. Ó wá ku èyí tí àwọn ìbejì ti ń dúró dè láti ilé: kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi gba abẹ́ afárá ńlá kọjá.

Ní èbúté, ọlọ́kọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kápútéènì pín ẹ̀wù agbẹ̀mílà fún wọn, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó tò wọ́n sétí omi, ó ya fọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà ló nawọ́.

"Ó yá, ẹ bọ́ ọ, kí àwọn tó kàn rí i lò."

"Ká bọ́ kí ni?" Ìyá Ìbejì béèrè.

"Ẹ̀wù yẹn. Fọ́tò la fi ń yà. Ọkọ̀ tèmi kì í dojú dé, Màmá."

Bàbá Ìbejì ti ń tú tirẹ̀. "Bọ́ ọ jàre, kí wọ́n má pè wá ní ará oko."

"Bàbá Ìbejì, ará oko tó wà láàyè ni mo fẹ́ jẹ́."

Àwọn tó ti jókòó sínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin onífìlà kan ní, "Ìyáàfin, ẹ jẹ́ ká lọ, oòrùn ń pa wá." Ojú ti Ìyá Ìbejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan okùn ẹ̀wù ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, láti tú u nígbà tí ọmọ náà béèrè pé:

"Màámi, tá a bá já sómi, ṣé fọ́tò yẹn ni wọ́n máa jù sí wa?"

Ìyá Ìbejì yọwọ́ kúrò lára okùn náà.

Ìgbà náà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì tó ń gbé ìlú náà, tó sì ń mú wọn káàkiri, ti ibi tó ti lọ ra omi mímu dé. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé táyà àtijọ́ tí wọ́n gbé kọ́ sára ọkọ̀ kúrò. Iye èrò tí ọkọ̀ lè gbé ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: méjìlá. Àwọn tó ti jókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, o fi táyà bo òótọ́ mọ́lẹ̀! Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní ọsibítù láti inú omi, gbogbo wọn ló ní fọ́tò. Ìwọ náà, àbúrò mi, ojú ń tì ọ́ láti gbẹ̀mí ọmọ rẹ là?"

Onífìlà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ti ba ọjà mi jẹ́," ni Kápútéènì wí.

"Ẹ̀mí wa lò ń pè lọ́jà," Ìyá Ìbejì dáhùn.

Wọ́n lọ tò ní èbúté kejì, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í ṣí títí gbogbo èrò yóò fi di ẹ̀wù wọn. Lábẹ́ afárá, àwọn ìbejì pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ara wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe fàájì, ẹ wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ má sì bọ́ ọ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Èyí tó bá ọmọdé mu ni kí ẹ gbà fún ọmọdé. Bí èrò bá ti pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn alábòójútó èbúté létí. Ẹ̀rín tí wọ́n bá fi yín rín kò ní pẹ́ tán. Ẹni tí omi bá gbé lọ kì í padà wá gbọ́ ọ.