Ìràwọ̀ Tó Jẹ Ìdílé Ghulam

Tíì Chacha Ghulam Murtaza wà lórí tábìlì, bàtà rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀ ibùsùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni wọ́n ti dàwátì. Ilé dàrú. Tufail, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pè é ní Chacha, ń bá wọn sunkún, ó sì ki ọwọ́ tí ìka rẹ̀ gé bọ àpò.

Tufail ń tẹ ìwé ilẹ̀ lórí kọ̀mpútà níwájú kóòtù ìlú Multan. Ọgbà máńgòrò ìdílé wọn wọ̀ ọ́ lójú, ó fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn! Òun ló gbé e dé yàrá òkùnkùn kan lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́yẹlé, níbi tí Baba Qalandar ti gé e níka, tó kán ẹ̀jẹ̀ sórí kọ̀mpútà, tó sì pọfọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tí Tufail bá fi ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ìran wọn lórí kọ̀mpútà náà á pòórá.

Àmọ́ àwọn ọmọ Murtaza dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìpín bàbá àwọn. Tufail sáré padà sọ́dọ̀ Baba.

"Baba, wọ́n ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ mi á tán."

"Orúkọ kan, ọ̀bẹ kan. Àbí ọ̀fẹ́ lo rò pé wọ́n ń lówó ni?"

"Àmì ìràwọ̀ kan wà lórí kọ̀mpútà, Baba. Ohunkóhun ló ń dúró fún. Tí mo bá kọ Ghulam, tí mo fi ìràwọ̀ tì í, gbogbo ohun tó kù lórí ìlà tí Ghulam bá wà ló máa kó lọ."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí o dárúkọ, ara rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ẹni tí o kò dárúkọ, ìrántí rẹ̀ á bá a lọ. Ebi ń pa nǹkan yìí o, ọmọ. Kò ní bi ọ́ léèrè."

"Ẹ jẹ́ ó jẹun."

Ghulam ni orúkọ gbogbo àwọn Chacha fi bẹ̀rẹ̀, ìlà kálukú ló sì kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Tufail gbé ìlà bàbá tirẹ̀ lọ sínú ìwé mìíràn kí òun náà má baà kó sí i. Lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ igi níwájú kóòtù, ó gé ìka, ó kọ Ghulam, ó fi ìràwọ̀ tì í, kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì. Àwọn ìlà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Abbu!"

Zeb, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, bọ̀ wá fún un. Ìgbà yẹn ni Tufail tó rántí. Ọmọ Chacha Ghulam Sarwar ni ìyàwó tó fẹ́, bí wọ́n ti máa ń fẹ́ ara wọn nílé wọn. Orí ìlà Sarwar ni wọ́n kọ ìyá àtọmọ sí.

"Abbu, mi ò rí ẹsẹ̀ mi."

Ìbàdí lọ. Àyà lọ. Ojú méjèèjì ṣì ń wò ó nígbà tí ẹnu kò sí mọ́. Róòtì já bọ́ sílẹ̀.

Tufail fi ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kọlu kọ̀mpútà kó lè tún orúkọ náà kọ. Ó kọ Z. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo Z náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sunkún?" oníṣòwò tíì kan tó wà nítòsí bi í.

Tufail fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tutù rinrin. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Ta ló da róòtì sílẹ̀ síbí?"