Ìdáhùn Ìyá Àgbà Zilmène

"Ọlá o!" Mislande kígbe lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀wọ̀ ni!" ìyá àgbà Zilmène dáhùn láti inú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ní ìlú Gonaïves. Ẹni tí wọ́n bá kí tí kò dáhùn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ìyá àgbà, ara ńkọ́?"

"Ara le, ọmọ mi."

Àrùn onígbáméjì ń jà ní Haiti nígbà náà. Nadège, òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn arúgbó tí kò ní alábàárò, ló ní kí Mislande, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, máa gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà lọ fún wọn. Ó kìlọ̀ fún un pé, "Má gba ohùn wọn gbọ́ o. Wọlé, wo ojú wọn, kí wọ́n sì mu ún níṣojú rẹ."

"Dókítà aláìníwèé-ẹ̀rí!" Ketsia, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pariwo láti ìsàlẹ̀ òkè. "Ṣé ibẹ̀ lo máa sùn ni? Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Òórùn kan ń jáde láti inú ilé. Mislande sọ fún ara rẹ̀ pé ti ewúrẹ́ ni. Ó gbé ìgò omi oníyọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Omi yín rèé o, ìyá àgbà!"

"O ṣeun. Máa lọ ṣeré rẹ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Nadège kígbe "Ọlá o!" títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Ìgò náà ṣì wà níbi tí Mislande gbé e sí, omi inú rẹ̀ kò dín. Nadège wọlé. Ìyá àgbà ti kú. Nígbà tó jáde, ó kọjú sí Mislande.

"Ṣé o wọlé lánàá?"

"Wọ́n dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ara le."

"Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ? Bí ẹ̀mí tiẹ̀ ń bọ́ lọ, wọ́n á dáhùn ni, torí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́. Dídìde gbé omi ni agbára wọn ò ká mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…"

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀."

Àwọn tí ń fọ́n oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn fi ọ̀rá wé òkú náà, wọ́n gbé e lọ. Kò sí àìsùn òkú, kò sí kọfí tí wọ́n máa ń mu níbẹ̀, kò sí orin.

"O ṣáà gbé omi débẹ̀," Ketsia sọ lẹ́yìn rẹ̀. Mislande kò wo ojú rẹ̀.

Nadège na àpò ìgò omi sí i. "Ilé kù."

Ní ilé tó tẹ̀ lé e, Mislande kí wọn. "Ọ̀wọ̀ ni! Ara le!" ni ohùn kan wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ó ti yé e pé ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ṣe àwáwí. Ẹ̀kọ́ náà yé e dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìyá àgbà Zilmène ló gbà kó tó yé e.