Ohùn Gígùn Kan Nínú Igbó Ọ̀pẹ

Adùnọlá gbé fèrè idẹ sẹ́nu, ó mí sínú dáadáa, ó sì fọn ọ́n. Ohùn náà jáde, ó gùn díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dákẹ́, ó tẹ́tí sí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó tún fọn ọ́n. Garawa omi rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òfìfo, ìrì sì ti rin ìró rẹ̀ dé orúnkún.

Ohùn kan ṣoṣo yìí ló ń wá. Ọ̀gá Armand, tó ń darí ẹgbẹ́ afọnfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá lè fa ohùn kan gùn láìgbọ̀n ní Sátidé ni yóò ṣíwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìkórè. Bí kò bá jẹ́ Adùnọlá, Judicaël ni. Judicaël ní tirẹ̀ kò níṣẹ́ kankan nílé ju kó jẹun kó sì fọn fèrè lọ.

Ìgbà wo wá ni kí Adùnọlá fọn tirẹ̀? Láàárọ̀, omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá dé, ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é: kó bó o, kó rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, kó sẹ́ ẹ, kó jókòó ti agbada gàrí. Nírọ̀lẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ á bo fèrè náà bí eṣinṣin. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan há mọ́ ọn bí aṣọ àbúrò ẹni. Ó máa ń sunkún nídìí agbada, ìyá rẹ̀ á rò pé èéfín ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń purọ́ pé òun ń lọ pọnmi ní kùtù hàì, tó ń fi ìró bo fèrè mọ́ra lọ sínú igbó.

Nígbà tó gbé omi délé láàárọ̀ yẹn, ó bá agbo ọkùnrin tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká lágbàlá wọn. Àwọn aláàáró bàbá rẹ̀ ni, àwọn tó máa ń bá ara wọn roko kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ògúntóyè, arúgbó àárín wọn, ló ń fọn ìwo ẹfọ̀n láti fi pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ àáró, ohùn gígùn kan ṣoṣo. Oko Àlàgbé, bàbá Adùnọlá, ló kàn lóòótọ́, àmọ́ Sátidé ni wọ́n dá. Olóko ló sì ń bọ́ àwọn tó bá wá ṣiṣẹ́. Ìyá Adùnọlá kò tíì dáná rárá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í.

"A gbọ́ ìwo!" ni Fáwùnmí, ọ̀kan nínú wọn, ń pariwo. "A fi iṣẹ́ tiwa sílẹ̀!"

"Èmi ò fọn nǹkan kan," ni Bàbá Ògúntóyè wí. "Orí ẹní ni mo wà."

"Bàbá, ẹ fọn ọ́n, ẹ gbàgbé ni," ni Fáwùnmí tún wí. " Àgbà ti dé. Ẹ gbé ìwo fún ẹlòmíràn."

Arúgbó náà wò wọ́n yíká. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Àbí mo fọn ọ́n ni?"

Ìbéèrè yẹn gún Adùnọlá lọ́kàn. Bó bá sọ̀rọ̀, kùtù hàì rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bóyá fèrè náà pẹ̀lú. Bó bá dákẹ́, bàbá yìí á lọ sílé pẹ̀lú èrò pé orí òun ti ń dàrú. Bàbá Ògúntóyè ti bọ́ okùn ìwo kúrò lọ́rùn, ó ń nà án sí Fáwùnmí.

"Èmi ni!" Adùnọlá fa fèrè yọ lábẹ́ ìró, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan, Bàbá. Èmi ni mò ń fọn ọ́n nínú igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúntóyè rọra dá ìwo rẹ̀ padà sọ́rùn.

"Ní Sátidé," ni Àlàgbé wí, "ìwọ lo máa dáná fún àwọn tí o jí lójú oorun."

"Bàbá, Sátidé ni répétition wa, ìgbà tí wọ́n máa dán wa wò..."

"Mo gbọ́."

Ní Sátidé, bí Adùnọlá ṣe ń ro ọkà, afẹ́fẹ́ gbé ohùn fèrè Judicaël wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gùn, kò sì gbọ̀n. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe èéfín.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ pè é. "Kí ló gbé ọ dénú igbó?"

"Kò sáyè nílé, Màmá."

"Tí a bá di ẹ̀gẹ́ sínú àpò, tí a gbé òkúta lé e, kí ni mo ń fi ọ́ ṣe títí omi rẹ̀ á fi ro tán? Ṣé o béèrè àyè yẹn lọ́wọ́ mi rí?"

Adùnọlá kò béèrè rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí àpò ẹ̀gẹ́ sì ti wà lábẹ́ òkúta, ó jókòó tì í pẹ̀lú fèrè rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń pariwo, adìyẹ ń ké. Àmọ́ etí rẹ̀ kò sí lọ́nà mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń sá fún. Ó fọn ọ́n. Ohùn náà jáde, ó gùn títí, kò gbọ̀n. Judicaël ni yóò ṣíwájú lọ́dún yìí, ìyẹn sì dun Adùnọlá gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti yé e pé àkókò téèyàn jí lò kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀, ẹlòmíràn ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Èyí tó béèrè fún, bó ti wù kó kéré tó, tirẹ̀ ni.

Bàbá Ògúntóyè ń kọjá lọ, ìwo rẹ̀ lọ́rùn. Ó dúró, ó tẹ́tí, ó sì kígbe sí gbogbo àdúgbò: "Ẹ gbọ́ o! Èmi kọ́ o!"