Àmì Omi Tó Kọjá Etí Àwòrán

Àmì kan kò sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Aláwòrán nu ojú, ó tún wo kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kò rí i.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa sọ èsì ìdánwò di àwòrán alámì tótòtó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ dá àbúrò rẹ̀, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, dùbúlẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ti Aláwòrán fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tára rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n pín in sínú àwo oníhò wẹ́wẹ́, wọ́n sì kán ẹgbẹẹgbẹ̀rún oògùn sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní àmì kan. Èyí tó bá mú ẹ̀jẹ̀ àbúrò gbèrú ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, àmì rẹ̀ á sún sápá ọ̀tún. Èyí tí kò bá ṣe nǹkan kan, á jókòó sáàárín.

Ẹ gbọ́ ná: gbogbo wọn ló jókòó sáàárín, wọ́n ṣù jọ bí èèrà lórí ṣúgà. Ibẹ̀ ló yẹ kí omi lásán náà wà, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn, torí omi kì í ṣe nǹkan kan. Àmì omi gan-an ló sọnù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn. "Ṣebí ìwọ lo gé etí àwòrán kúrú. Ó ti bọ́ síta nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ó fẹ etí rẹ̀, kò rí i. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Gbogbo oògùn ti fún pọ̀ di bíńtín lápá òsì kó tó rí àmì omi, òun nìkan ṣoṣo lápá ọ̀tún pátápátá, níbi tí àmì kankan ò dé rí. Orí rẹ̀ wú.

"Àṣìṣe ni," ni Ọ̀gá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Omi kì í wo aláìsàn. Pa á rẹ́."

Aláwòrán kò lè pa á rẹ́. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kán omi yẹn, torí apá ẹ̀rọ tó ń kán oògùn kì í dé igun àwo. Bó ṣe ń kán an ló ń sọ lábẹ́nú pé, "Ẹ mú un lára mi, ẹ fún un," bí ìyá wọn ṣe máa ń sọ nígbà tí ibà bá mú ọmọ. Kò tilẹ̀ mọ ẹni tí òun ń bẹ̀.

Fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo dìde o! Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ẹnu géètì!"

"Má parọ́ fún mi o, jọ̀ọ́."

"Olúwa ń gbọ́. Màá wá kí yín lọ́la. Ṣé kò sí o? Ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ orí àga ló wà láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà á. Bí àyè tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ṣe fẹ̀ tó ni àwòrán máa ń sọ, kì í sọ èyí tó rìn nínú wọn. Ó ṣí iye ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn àmì náà wò. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ti gòkè. Tirẹ̀ ti wálẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe gòkè tó ni èkejì ṣe wálẹ̀ tó, rẹ́gí.

"Yéè! Ọ̀gá, ṣé ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ti pé báyìí?"

Ọ̀gá ò lè parọ́ fún un. "Kò tíì pé. Bó bá dúró síbi tó wà yìí, àìsàn náà á padà."

Aláwòrán na ọwọ́ gba àwo tuntun. Ẹ̀rù ń bà á o, àmọ́ ọmọ ìyá ẹni ni ọmọ ìyá ẹni. Ó kán omi sí igun, ó sì sọ ọ́ síta lọ́tẹ̀ yìí: "Ẹ mú un lára mi, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi, kí n lè rí i nígbà tó bá ń sáré."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ àwòrán títí kò fi lè fẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí àmì omi. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ti pé. Ti ẹ̀gbọ́n ti wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wá dúró lójijì, àfi bíi pé ẹnìkan fọwọ́ dá a dúró. Díẹ̀ ló kù.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lánàá?" Ọ̀gá bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹnìkan ń sáré gun àtẹ̀gùn bọ̀ níta, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aláwòrán rọra yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Agbára àtirí i ṣì kù lára rẹ̀.