Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí A Kò Wọ̀n Tán

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán.

Ilé wíwọ̀n ni iṣẹ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n pè wá sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ti sọnù, àfi ká wọ̀n ọ́n ká ya òmíràn. Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa.

"Ìkarahun ìgbín òkun lẹni tó ya ilé yìí wò kó tó yà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣàìsàn, ó máa ń gbé ìkarahun sétí láti gbọ́ ìró omi. Ló bá ní òun á kọ́ èyí tí ọmọ náà lè gbé inú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń yí wọnú lọ."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́."

Bàbá wa fi òfin kan lé wa lọ́wọ́: ẹni tó di orí téépù tí a fi ń wọ̀nlé mú kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí ẹnìkejì yóò fi ké sí i pé kó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi í ṣeré. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, wọ́n á ṣì dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi mú orí téépù wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Èmi di àpótí rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà pè mí pé kí n wá wo àtẹ̀gùn tó sán. Mo gbé àpótí sílẹ̀, mo lọ. Mo gbàgbé láti ké sí wọn. Ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí mo padà dé, téépù ń tú jáde nínú àpótí. Jẹ́jẹ́, láìdúró. Mítà mọ́kàndínlógún ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. A ti fẹsẹ̀ kà á. Téépù ti kọjá ọgbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ibo lẹ ń lọ?"

"N ò lọ síbì kankan. Mo dúró lójú kan."

Ohùn wọn jìnnà. Mo gbé àpótí, mo sáré tẹ̀lé téépù. Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri ni mo bá, ògiri funfun tí kò ní ilẹ̀kùn. Téépù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Àbúrò." Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Ẹnì kan di ọwọ́ mi kejì mú. Ọwọ́ rẹ̀ kéré. Ṣé kí n ju téépù sílẹ̀?"

"Ẹ má jù ú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú!"

Bíríkìlà tí a pè ti fọ́ ògiri náà lápá kan. Etí òkun ló já sí, iyanrìn lásán. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti jókòó síbí. N kò lè sùn, n kò lè dìde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó ń sunkún. Ní wákàtí wákàtí ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí láti ọ̀hún bóyá kí àwọn jù ú sílẹ̀, tí mo sì ń bẹ̀ wọ́n.

Láàárọ̀ yìí, wọn kò bi mí mọ́. Mo rọra fa téépù. Ẹnì kan fà á padà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò lágbára tó àgbàlagbà.